Ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún ikọ́ ife nígbà tí owó kò tó fún gbogbo èèyàn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlera níbí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà nílé àti àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ti dá owó jọ fún ètò ìlera, a sì ti fẹnu kò pé ikọ́ ife ni a máa dojú kọ, nítorí pé ó ti pa èèyàn ní àdúgbò wa, tí ọ̀pọ̀ ẹbí sì ń pè é ní nǹkan mìíràn nítorí ìtìjú. Owó náà kì í ṣe kékeré lójú àwa tí a dá a, àmọ́ bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye èèyàn tó ń gbé ní àyíká Bẹẹrẹ nìkan, ẹ máa rí i pé kò lè tó láti yẹ gbogbo èèyàn wò.

Ìgbìmọ̀ wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan ní kí a pàgọ́ sí ọjà Bódìjà ní ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ ikọ́ ife lágbàáyé, kí a máa yẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá wò, nítorí pé gbogbo ayé ló máa rí wa. Apá kejì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ni ó yẹ kí a lọ, nítorí pé ibi tí èèyàn bá ti há mọ́ra ni àrùn yìí ti ń gbilẹ̀. Apá kẹta, tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní ilé àwọn tí wọ́n ń lo oògùn ikọ́ ife lọ́wọ́ ni kí a lọ, kí a yẹ àwọn ọmọ, aya, ọkọ àti gbogbo ẹni tó ń bá wọn sùn nínú yàrá kan náà wò.

Akápò wa kò ta ko ìkankan nínú wọn. Ohun tó ń bèèrè ni pé, nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, èwo ni owó wa máa fi gba ẹ̀mí tó pọ̀ jù là, àti báwo ni a ṣe máa mọ̀ ọ́n kí a tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó bá ti tán. Mo mọ̀ pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ẹrù àrùn yìí wúwo lé lórí tó Nàìjíríà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mo sì ti ka ìwé oríṣìíríṣìí, àmọ́ n kò rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìṣirò náà lọ́nà tí ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa lè lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí a ka owó tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń ná, bí owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí kò lè dé ìsọ̀, mọ́ iye tí ètò náà máa ná wa, tàbí owó tó jáde lápò ẹgbẹ́ nìkan ni kí a máa kà.

Nọ́ọ̀sì Ikọ́ Ife

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó náwó.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti ń fún àwọn aláìsàn ikọ́ ife lóògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́. Lójú tèmi, àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ló tọ̀nà. Ẹni tí ikọ́ ife bá wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa ń tú kòkòrò náà sínú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń wúkọ́, tó bá ń kọrin, tó bá tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kòkòrò náà sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́ yẹn ní alaalẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Àkójọ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, tó kó àbájáde láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, nǹkan bí ìdá 3.1 nínú 100 àwọn tó sún mọ́ aláìsàn ni wọ́n máa ń bá àrùn náà lára wọn nígbà àyẹ̀wò. Ẹ fi wé ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012, tó rí nǹkan bí 524 nínú 100,000 àgbàlagbà. Ẹni 5 nínú 1,000 nìyẹn, nígbà tí ti àwọn ará ilé aláìsàn jẹ́ ẹni 31 nínú 1,000.

Ohun tí ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí kì í fojú rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a bá gbé ìgò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ àti ìgbà tó bá gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Ìgò náà kéré, ó ní ọmọrí tí à ń lọ́ dé, ara ìgò gan-an ni à ń kọ orúkọ sí, kì í ṣe orí ọmọrí, kí ó má baà pààrọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. A máa ń ní kí ẹni náà jáde sí gbangba, níbi tí atẹ́gùn wà tí kò sì sí èrò, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Bí a kò bá dúró tì í, itọ́ funfun tó ń hó ni yóò gbé wá dípò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, ẹ̀rọ kò sì lè rí ohun tí kò sí nínú itọ́. Ní àárín ọjà Bódìjà, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, ìyá aláta wo ni yóò gbà láti wúkọ́ sínú ìgò? Èyí tó bá sì gbà, ó lè fún yín ní nọ́ńbà fóònù tí kò ní wọlé mọ́ lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí onílé àti aládùúgbò yóò sọ.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má ná gbogbo owó náà lórí àyẹ̀wò. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ọlọ́kadà tó máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ GeneXpert, tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wà, fún owó ìpè, àti fún ẹni tó máa lọ kanlẹ̀kùn nígbà tí èsì bá dé. Ẹ̀rọ yẹn kì í lò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ láti gbé èsì jáde, ó sì máa ń sọ bóyá kòkòrò náà kò gbọ́ oògùn rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn ikọ́ ife. Síbẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó lọ gba èsì náà, ó lè wà níbẹ̀ títí àìsàn á fi wọ ẹni tó ni ín lára.

Àǹfààní kejì wà nínú lílọ sí ilé aláìsàn tí n kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Àwọn tí ẹ bá yẹ̀ wò tí àrùn náà kò tíì hàn lára wọn lè gba oògùn ìdènà. Èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 ti dín ìnira kù púpọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lo ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé tí kò lè wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé kí a fi ìgbẹ́ ọmọ ṣe àyẹ̀wò náà. Lílọ ẹ̀ẹ̀kan sí ilé kan lè tipa báyìí mú aláìsàn kan jáde, kí ó sì dènà àrùn lára àwọn mẹ́ta mìíràn.

Ọ̀nà kẹrin kan tún wà tí ìgbìmọ̀ yín kò mẹ́nu bà, ìyẹn àwọn oníkẹ́míìsì. Ibẹ̀ ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ nígbà tí ikọ́ kò bá lọ, á ra oògùn olómi, á padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bí oníkẹ́míìsì bá mọ̀ pé ẹni tó ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ gba ìgò, ẹni tó ń ṣàìsàn ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá yín.

Onímọ̀ Ètò Ọrọ̀ Ajé Ìlera

Ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, nítorí ohun tí akápò ń bèèrè gan-an nìyẹn.

Ẹ mú owó kátíríìjì ẹ̀rọ GeneXpert nìkan, ìyẹn ike kékeré tí à ń bu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí kí a tó kì í bọ inú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023, wọ́n sọ iye rẹ̀ di $7.97 fún àwọn ètò ìlera orílẹ̀-èdè bíi tiwa, lẹ́yìn tó ti wà ní $9.98 láti 2012. Bí ẹ bá fi yẹ 1,000 èèyàn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, $7,970 ti lọ, a kò sì tíì ka owó òṣìṣẹ́, iná mànàmáná àti ọkọ̀. Ní ọjà, tí ẹ bá ká a sí pé ẹni 5 nínú wọn ló ní àrùn náà, nǹkan bí $1,594 ni ẹ ná lórí kátíríìjì kí ẹ tó rí ẹnì kan, bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ fo ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn ará ilé aláìsàn, níbi tí 31 nínú 1,000 ti ní in, nǹkan bí $257 ni. Ẹ̀rọ kan náà ni, iye kan náà ni wọ́n sì tà á. Ẹni tí ẹ gbé e lọ bá ló mú kí ọ̀kan wọ́n tó ìlọ́po mẹ́fà èkejì.

Ìṣòro kejì kì í sábà hàn sí àwọn olóore. Kò sí àyẹ̀wò tí kì í ṣi ẹni mú. Ká ní ẹ̀rọ náà máa ń sọ pé ẹni 2 nínú 100 àwọn tí ara wọn le ní àrùn tí wọn kò ní. Láàárín 1,000 ará ọjà, nǹkan bí 20 èèyàn ni yóò gba ìròyìn tí kì í ṣe tiwọn, nígbà tí àwọn aláìsàn gidi kò ju 5 lọ. Ìyẹn ni pé, nínú ẹni 5 tí ẹ bá sọ fún pé ó ní ikọ́ ife, ẹyọ kan ló ní in ní tòótọ́, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì máa gbé oògùn oṣù mẹ́fà mì, wọ́n tilẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ tàbí àfẹ́sọ́nà nítorí ohun tí kò sí. Láàárín àwọn ará ilé aláìsàn, 31 tòótọ́ ni yóò wà pẹ̀lú nǹkan bí 19 tí a ṣì mú. Ìyẹn náà kò dára tó, ó sì nílò àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kejì láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé.

Ọ̀nà wà láti dín owó kù. Àkọ́kọ́ ni kí a fi ẹ̀rọ ayàwòrán àyà ṣe asẹ́. Ẹ̀rọ X-ray tí èèyàn lè gbé sínú àpò ti wà, láti 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fọwọ́ sí i pé kí kọ̀ǹpútà máa ka àwòrán náà fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 15, láìdúró de dókítà. Bí àwòrán bá tọ́ka sí 100 nínú 1,000, ẹni 100 yẹn nìkan ni yóò lo kátíríìjì, owó rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ sí $797, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní láti san owó ẹ̀rọ X-ray náà. Èkejì ni pípo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni bíi mẹ́rin pọ̀ sínú kátíríìjì kan, kí a wá padà yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ bá rí kòkòrò nínú àpapọ̀ wọn. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Abuja.

Ẹ má sì fi ikọ́ nìkan ṣe asẹ́. Àwọn ìwádìí káàkiri ayé ti fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n bá kòkòrò náà lára wọn ni kì í sọ pé àwọn ní àmì kankan.

N kò kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ ọjà dànù, nítorí ìwádìí méjì. Ní Harare, ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, wọ́n fi ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn wé lílọ láti ilé dé ilé, ọkọ̀ ló rí aláìsàn jù, ìwọ̀n àrùn náà ládùúgbò sì lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 6.5 sí 3.7 nínú 1,000 àgbàlagbà. Ní ìpínlẹ̀ Cà Mau ní Vietnam, wọ́n yẹ àwọn àgbàlagbà wò lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin, 126 nínú 100,000 ni wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ṣe é, 226 sì ni níbi tí wọn kò ti ṣe é. Ẹ kíyè sí ohun tó pa ìwádìí méjèèjì pọ̀: wọ́n ń padà síbẹ̀. Bí ẹ bá pàgọ́ fún ọjọ́ kan tí ẹ sì kó o lọ, èso irú èyí kò lè so, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè gba ẹgbẹ́ tó ní ìwọ̀nba owó nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ láti ọjà.

Ní ti owó aláìsàn, ẹ kà á, ẹ jọ̀wọ́. Oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, síbẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2017 fi hàn pé ìdá 71 nínú 100 ìdílé tí àrùn yìí wọ̀ ni ó ná ju ìdá 20 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún. Ọkọ̀, oúnjẹ àti iṣẹ́ tó bọ́ ni ó kó owó náà lọ. Ètò tó dín owó tiyín kù nípa sísọ pé kí aláìsàn máa wá láti ọ̀nà jíjìn kò dín owó kankan kù, èjìká ẹlòmíràn ni ó gbé e lé. Ẹni tí ẹ bá sì tètè rí ni owó tirẹ̀ máa ń kéré jù, nítorí kò tíì ta ẹrù rẹ̀ ra àgbo àti abẹ́rẹ́ kiri.

Ọmọ Ìbàdàn ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ibi tí mo wà kún un, nítorí wọ́n ti ṣírò ti ibí dé ìdí.

Láti nǹkan bí 2005 ni ọkọ̀ ńlá kan tó ní ẹ̀rọ X-ray nínú ti ń káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, tó ń lọ bá àwọn tí kò nílé lórí, àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún àti àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Find & Treat ni orúkọ ètò náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò èrè rẹ̀ nínú ìwádìí tó jáde ní 2011, wọ́n rí i pé nǹkan bí aláìsàn 16 ni ọkọ̀ náà ń ṣàwárí lọ́dún, tí ètò náà sì ń bá nǹkan bí 123 rìn títí wọn yóò fi parí oògùn. Iye tí wọ́n ná fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí èèyàn jèrè pẹ̀lú ìlera pípé wà láàárín £6,400 sí £10,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, ohun tí kò bá ju £20,000 sí £30,000 lọ ni wọ́n sábà máa ń gbà pé owó rẹ̀ tọ́.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí akápò wò dáadáa ni ìgbà tí wọ́n pín in sí méjì. Ọkọ̀ tó ń wá aláìsàn kiri ná £18,000 sí £26,000 fún ọdún ìlera kan. Bíbá aláìsàn rìn, kí a máa lọ wò ó, kí a bá a wá ibùgbé, kí a rí i pé kò já oògùn sílẹ̀, ná £4,100 sí £6,800. Apá tí kò hàn sí ará ìta, tí kò sì ṣeé ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé ìròyìn, ni owó ti ṣe iṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ìyá wa nọ́ọ̀sì nípa ẹni tó máa lọ kanlẹ̀kùn ni ìwádìí yẹn ń tì lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wá síbí láti Nàìjíríà ló ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife nítorí físà, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dúró ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló sì ń sanwó. Àyẹ̀wò yẹn dára fún ìjọba tó ń gba àlejò, owó tó ń ná wọn kéré gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó físà lọ́wọ́ ni a ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù sílé, tó ń sùn sí yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà, kò sí ẹni tó ní kó wúkọ́ sínú ìgò. Mo sọ èyí fún àwa tí a ń fi owó ránṣẹ́, nítorí ọkàn wa máa ń fà sí ohun tí a ti fojú ara wa rí.

Alábẹ̀wò Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n bọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwàásù ló ń gbé mi wọ inú ọgbà. Láàárín ẹlẹ́wọ̀n, ìwọ̀n ikọ́ ife lè tó ìlọ́po 10 ti àwọn tó wà níta, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́ àwọn ibi tó gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò déédéé nínú ìlànà rẹ̀ ti 2021, pẹ̀lú àwọn tó ní kòkòrò HIV, àwọn ará ilé aláìsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ tí eruku òkúta ń wọ̀ lẹ́dọ̀fóró. Bí ẹ bá fi ìṣirò ọ̀gá onímọ̀ ọrọ̀ ajé wò ó, ibi tí àrùn bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kátíríìjì ti ń ṣe iṣẹ́ jù. Kò sí owó ọkọ̀ láti ilé dé ilé, kò sí nọ́ńbà fóònù tí kò wọlé. Gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó pọ̀ jù lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́, èyí túmọ̀ sí pé adájọ́ lè ní kí ọ̀kan nínú wọn máa lọ sílé lówùúrọ̀ ọjọ́ tí kò retí, kí ó sì jáde pẹ̀lú oògùn oṣù méjì lára láìsí ìwé tó máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Ẹni tó já oògùn sílẹ̀ lágbedeméjì lè di ẹni tí oògùn kò ran mọ́, ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ọgbà láìní ẹni tó máa dúró de àwọn tó ń jáde, ẹ̀rù ń bà mí fún yín. Bí ẹ bá sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kò mọ ibi tí owó yín tún lè ṣe tó báyẹn. Wáda tó ń ṣọ́ wọn ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, ó sì ń padà sílé sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́, òun náà kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò.

Mo tún fẹ́ sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí owó pérépéré nìkan ṣe ìdájọ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́wọ̀n kò yan yàrá tó ń sùn sí. Ìjọba ló tì í mọ́ afẹ́fẹ́ yẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò náà bí ó bá tilẹ̀ ná wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ jáde, mo sì kà á sí etí ìgbìmọ̀.

Ibi tí a fi ẹnu kò sí ni pé ilé àwọn aláìsàn ni a máa kọ́kọ́ lọ, àwọn kẹ́míìsì àyíká ni yóò sì tẹ̀ lé e. Akápò ní kí ìdajì owó wà fún àyẹ̀wò, kí ìdajì yòókù wà fún ọlọ́kadà, owó ìpè, owó ọkọ̀ aláìsàn àti owó oṣù obìnrin kan tó máa máa bá àwọn aláìsàn rìn títí oògùn yóò fi tán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló mú un gbà bẹ́ẹ̀, nítorí tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò ni ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé. Ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, a kò tíì ní ẹni tó máa dúró de àwọn tó ń jáde, a sì máa kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ láti mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà kí ẹni tiwa wà lẹ́nu ọ̀nà. Àgọ́ ọjà Bódìjà ni a fi sílẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí wa tí a ń wọ ilé kan, gbogbo àdúgbò yóò mọ̀ pé aláìsàn wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù kejì jẹ mọ́ òkèèrè. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2025, ṣé kátíríìjì yóò wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí a bá gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dé?

Nọ́ọ̀sì Ikọ́ Ife

Akọ̀wé, ìpinnu yín dùn mọ́ mi nínú.

Fún ìbẹ̀rù àkọ́kọ́, ẹ má wọ aṣọ tí a kọ ikọ́ ife sí, ẹ má sì gbé ọkọ̀ tó ní àwòrán wá. Ẹ lọ bí ẹni tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n ní tòótọ́ ní ilé tó yí aláìsàn ká pẹ̀lú, torí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tètè máa ń kó ikọ́ ife. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, òun ni yóò sọ wákàtí tó wù ú kí ẹ wá. Bí ó bá ní kí ẹ má wá, kí ó kó àwọn ará ilé rẹ̀ wá bá wa, kí ẹgbẹ́ yín sì san owó ọkọ̀ wọn.

Fún èkejì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ bá gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dé. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá alábòójútó ikọ́ ife ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ bèèrè iye kátíríìjì tó wà nílẹ̀ àti ìgbà tí òmíràn máa wọlé, kí ẹ tó mú ọjọ́. Bí kò bá tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà, àti ilé tí ẹnì kan ti ní kòkòrò HIV, nítorí àwọn wọ̀nyí ni àrùn náà kì í fún láyè. Ẹ tẹ̀ mí láago bí ẹ bá ti rí i, kí a lè jọ lọ sí ilé àkọ́kọ́.